Páànù Orí Ibùsùn Ìyá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Lucy Dárasími Olúsànyà (1957–2024)

Ní agbo ilé Ọnàwùmí ní Bẹyẹrúnká, nílùú Ìbàdàn, ni a ti bí Lucy Dárasími ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, ọdún 1957. Bàbá rẹ̀ ni olóògbé Josiah Ọnàwùmí, káfíńtà, tí wọ́n kan òrùlé ilé púpọ̀ láti Bẹyẹrúnká títí dé Òjé. Ìyá rẹ̀ ni olóògbé Bertha Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ta àwo tánganran ní Ọjà'ba fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ìdílé agbẹ́gi ni ìdílé Ọnàwùmí. Àwọn baba ńlá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún àwọn ológun Ìbàdàn. Nígbà tí páànù dé, tí koríko kúrò lórí ilé, àwọn ọmọ wọn mú òòlù àti ìṣó, wọ́n gun òkè ilé lọ.

Ní ọjọ́ tí a bí Lucy, Bàbá ń kan òrùlé yàrá tuntun fún Ìyá. Ìrọbí mú Ìyá ṣáájú ìgbà tí wọ́n retí, òjò sì ti ṣú. Páànù kan ṣoṣo ni ó kù, èyí tí ó wà ní ọ̀gangan orí ibùsùn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ òrùlé mọ̀ pé ibi tí páànù bá ti ga ni a ń kan ìṣó sí. A kì í kàn án sí ibi tí ó jìn, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà. Bàbá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ohùn ìyàwó wọn nísàlẹ̀, wọ́n ń kánjú, wọ́n sì kan ìṣó mẹ́ta sí ibi tí ó jìn. Wọ́n yọ wọ́n, wọ́n kàn wọ́n sí ibi tí ó yẹ, wọ́n fi ọ̀dà kóòtà dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kóòtà náà kò lo ọdún kan kí ó tó ṣí. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ń rọ̀, páànù yẹn a máa fi ohùn tín-ín-rín kan kún ohùn àwọn yòókù, bí ẹni tí ń súfèé láàárín eyín. Ìyá gbé àwo tánganran kan tí ó ti sán sí abẹ́ rẹ̀ láti máa gbe omi. Bí a bá ní kí a pe káfíńtà wá tún un ṣe, wọn a ní, “Àṣìṣe bàbá yín ni. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi páànù yìí sọ́kàn. Nítorí rẹ̀ ni ìwé yìí kò fi rí bí irú rẹ̀ ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ olóògbé ni ì bá kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ezekiel Ọnàwùmí, ni ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ ọ́. Nínú ọmọ márùn-ún tí Bertha Àbẹ̀kẹ́ bí, òun nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ó sọ fún àbúrò rẹ̀, tí kò sọ títí tí Lucy fi kú. Ó fẹ́ sọ ọ́ níbí, níwájú gbogbo ẹbí, kí a tó bo ilẹ̀.

Lucy bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1963, ní ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà tí kò jìnnà sí ilé. Bí wọ́n bá ti jáde, Ọjà'ba ni ó ń gbà lọ sọ́dọ̀ Ìyá. Ìyá kì í ta àwo láì kọ́kọ́ fi òrùka ọwọ́ wọn kàn án. Àwo tí ó pé a dún, ohùn rẹ̀ a sì pẹ́ kí ó tó tán. Èyí tí ó bá ti sán, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí i, ohùn rẹ̀ ti kú. Nígbà tí Lucy fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun ni Ìyá ń fà kalẹ̀ láti gbọ́ àwo. Oníbàárà kan láti Màpó kò gbà nígbà tí Lucy ní abọ́ tí ó mú kò dára. Ó bi Ìyá bóyá etí ọmọ yìí ni wọ́n fi ń tajà. Ìyá dá a lóhùn pé etí ọmọ náà sàn ju ojú rẹ̀ lọ. Obìnrin náà gbé abọ́ rẹ̀ lọ tìbínú tìbínú. Kò pé oṣù kan tí ó fi gbé e padà wá, tí ọbẹ̀ ń jò nídìí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún ọdún 1972, Bàbá jábọ́ láti orí ilé alájà kan ní Òjé. Lucy, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, wà nísàlẹ̀, ó ń na ìṣó sí wọn. Bàbá kò ké. Wọn kò lo ọjọ́ kejì láyé. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, Lucy kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà. Ìgbà tí ó sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún, gbólóhùn kan ṣoṣo sì ni: “Bọ̀dá mi, kí Bàbá tó dé ilẹ̀, páànù ti sọ fún mi.”  Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó gbàgbé rẹ̀.

Ezekiel ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, ó sì ti di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi. Òun ni ó rán àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ọdún 1973. Lucy gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1976, ó sì di tíṣà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ọdún márùndínlógójì ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé mẹ́rin nínú ìlú Ìbàdàn. Kò na ọmọ rí. Bí kíláàsì bá ń pariwo, Lucy a fi ìka kan ìkòkò omi tí ó wà ní igun, a sì dúró títí ohùn rẹ̀ yóò fi tán. Àwọn ọmọ mọ̀ pé kò gbọdọ̀ tán bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1980, ó fẹ́ olóògbé Bọ́lájí Olúsànyà, ẹni tí ń gba ohùn sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ọdún kan náà ni Omíyalé ṣẹlẹ̀, nígbà tí odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọ̀nà ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, ọmọ mẹ́ta kò padà sí kíláàsì Lucy. Ó ń lọ sí etí odò ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣa páànù tí omi gbé wá jọ. Kò sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó kó wọn sínú ilé, ọkọ rẹ̀ kò sì bá a jà. Ó kàn máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé páànù ni ó ń sùn ní pálọ̀ òun báyìí, pé bí wọ́n bá ń bọ̀ wá kí òun, kí wọ́n gbé àga wá láti ilé.

Ní 1985, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà. Ní 1988, ó parí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ó pè é ní “Mẹ́ta Kò Dé.” Ère ọmọ mẹ́ta ni, tí ó fi páànù etí odò gé, tí ó tẹ̀, tí ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ irin. Ó gbé agbada omi kan tí ó ní ihò sí òkè wọn. Omi a máa kán sí èjìká wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa dún ní ohùn tirẹ̀. Bí omi bá ti ń tán, wọn a máa dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹni kẹta yóò fi dákẹ́. Àwọn tí ó wá wò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò mọ ibi tí wọn yóò fi ọwọ́ sí. Ọkùnrin kan mú igi, ó fẹ́ máa lù ú. Lucy di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, “Ẹ má lù ú, sà. Ẹ jẹ́ kí omi bá a sọ̀rọ̀.”

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn títí dé òpin. Ère ni, ohùn ni, kò sì sí èyí tí a lè mú kúrò lára èkejì. Kí wọ́n tó tú òrùlé ilé àtijọ́ kan ní Bẹẹrẹ tàbí ní Màpó, Lucy a lọ bẹ onílé kí ó jẹ́ kí òun wá jókòó nínú yàrá nígbà òjò. Lẹ́yìn náà ó máa ń gun òkè, ó máa ń fi ìṣó àti òòlù tẹ nọ́ńbà sí ara páànù kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ibi tí ó wà: ẹnu ọ̀nà, ojú fèrèsé, ìdí ààrò. Ó ní páànù máa ń rántí ibi tí ó ti dúró, pé bí a bá yí i padà lójijì, ohùn rẹ̀ yóò sọnù. Nítorí náà ó máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, oṣù kan sí èkejì. Àwọn ènìyàn agbo ilé ń pè é ní Ìyá Onípáànù. Àwọn kan sọ pé orí rẹ̀ kò pé. 

Ní 1993, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkè Mọ́kọ́lá. Ní 2001, wọ́n pè é lọ sí orílẹ̀-èdè Jámánì, ó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á ní ọ́fíìsì, ó gé e, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, kò sì sọ fún un pé òun rí i. Ó ti sọ fún un ní 1988 pé páànù ni ó pa bàbá wọn, pé kí ó jìnnà sí páànù. Nítorí pé kò gbọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ kankan. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ó rò pé òun ń bá a wí ni.

Nínú ìjọ, Lucy jẹ́ ẹni tí kì í pẹ́ dé. Ìlà ẹ̀yìn ni ó ń jókòó, ní apá ibi tí òrùlé ti lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin agbo ilé, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, bí a ti ń gé páànù, tí a ń tẹ̀ ẹ́, láì gba ohunkóhun lọ́wọ́ òbí wọn. Ogún lé mẹ́ta ni wọ́n. Jamilah, tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹun lónìí, wà lára wọn. Ọkọ Lucy kú ní 2009, Ìyá sì kú ní 2010, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Ní 2011, ọdún tí Lucy fẹ̀yìn tì, ẹbí Ọnàwùmí pinnu láti pààrọ̀ òrùlé agbo ilé. Àṣà wa ni pé páànù ilé ẹbí jẹ́ ti gbogbo ẹbí, ẹnì kan kì í dá a kó. Lucy dìde nínú ìpàdé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún páànù méjìlélógún tí ó wà lórí yàrá Ìyá. Wọ́n fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹbí, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Lucy sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, òun àti Alhaji Gàfárù, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ, tí ó bá a jó gbogbo irin rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Gàfárù a máa dá a lára yá. Ó ní, “Màmá, àwọn èèyàn ń gbé páànù sókè kí wọ́n má baà gbọ́ òjò, ẹ̀yin ń gbé e sílẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ọ.” Lucy á ní kí ó di irin mú dáadáa, kí ó yé wàásù.

Ọdún mẹ́jọ ni ó fi ṣe é. “Iyàrá Ìyá” ni orúkọ rẹ̀. Láti òkèèrè, ó dà bí obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ sì bo ohun kan. Bí a bá wọ abẹ́ aṣọ náà, àpótí ìjókòó kan wà níbẹ̀ fún ẹnì kan, pẹ̀lú àwo Ìyá tí ó sán, ní ibi tí ó máa ń wà. Alhaji Gàfárù sọ pé bí òjò bá dé, ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀ yóò gbọ́ yàrá yẹn bí ó ti rí ní àtijọ́, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wúyẹ́wúyẹ́ lójú fèrèsé, àti ìfé páànù orí ibùsùn. Ó ní òun jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun sì rántí ìyá tòun. Ẹ̀gbọ́n Lucy ń lọ sí agbo ilé fún ìpàdé ní oṣooṣù. Láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Fún ọdún mẹ́jọ, kò rìn ín.

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, àgbà kan kú nínú ẹbí. A nílò àyè fún kánópì. Lucy ti lọ sí Ìlọrin láti tọ́jú ọmọbìnrin rẹ̀, Moyinolúwa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹbí ní kí akọ̀wé bá wọn palẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, Ezekiel pe àwọn tí ń ra àlòkù irin kiri. Ó dúró ní iwájú ilé, ó sì ní kí wọ́n kó gbogbo páànù tí ó bá wà lẹ́yìn. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé àjẹkù òrùlé ni, pé àbúrò òun kó o jọ bí ó ti máa ń kó o jọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ká ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá ì bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń tú. Àwọn ọkùnrin náà fi òòlù tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ó lè gba inú ọkọ̀. Bí wọ́n ti ń kó o kọjá, Ezekiel rí ọ̀kan tí ó ṣì le, ó ní kí wọ́n mú un sílẹ̀ fún òun. Ó gbé e lọ sílé rẹ̀, ó fi bo jẹnẹrétọ̀.

Alhaji Gàfárù dé láti Jímọ̀, ó bá ẹ̀yìnkùlé ní gbalasa. Ó yọ fìlà rẹ̀. Ó bi Ezekiel pé, “Bàbá, ta ló ní kí wọ́n kó Iyàrá Ìyá?”

Ìgbà náà ni Ezekiel mọ ohun tí wọ́n kó lọ.

Lucy dé lọ́jọ́ kejì.  Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi ń lọ láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò àlòkù irin kan dé òmíràn, ó ń wo nọ́ńbà ara páànù. Ọkọ̀ ti kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ní ìpàdé ẹbí tí ó tẹ̀ lé e, Lucy béèrè ohun tí ó fà á. Ezekiel lè sọ pé òun ṣàṣìṣe. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó sì kà á sókè pé ẹbí pàṣẹ pé kí a palẹ̀ mọ́, àti pé akọ̀wé ti kó pàǹtí ẹ̀yìnkùlé kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀: pàǹtí. Lucy gbọ́ ọ. Ó dìde, ó kí àwọn àgbà, ó jáde. Kò ṣe ère mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ọdún méjì ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ní 2021, ìyàwó Ezekiel kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Lucy ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tirẹ̀, ó ń gbá àgbàlá. Kò sọ ohunkóhun nípa páànù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù Keje ọdún 2022, ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n jókòó ní bàráńdà. Òjò bẹ̀rẹ̀. Lucy ń sọ̀rọ̀ nípa ìjọ lọ́wọ́, ó sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó gbé orí sí apá ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà.  Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, pé, “Bọ̀dá mi, páànù orí ibùsùn Ìyá nìyẹn.”

Ezekiel ní, “Rárá. Mo rà á ní Ògùnpa ni.”

Lucy wò ó lójú. Ó ní, “Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.”

Nígbà tí ó lọ tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àga, ó gun un, ó sì wo abẹ́ páànù náà. Ihò mẹ́ta wà ní ibi tí ó jìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n fi ìṣó tẹ nọ́ńbà keje, àti ORÍ IBÙSÙN. Ọdún mọ́kànlá ni Ezekiel Ọnàwùmí fi sùn sí abẹ́ páànù yẹn nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ó ti fi bo jẹnẹrétọ̀ fún ọdún mẹ́ta, òjò sì ti rọ̀ lé e lórí ní gbogbo ìgbà òjò. Kò dá a mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ìkùukùu bá ti ṣú, Lucy a dé. Nígbà mìíràn a gbé ọsàn wá, nígbà mìíràn a ní òun fẹ́ yá ìwé orin. Ó máa ń jókòó sí àga kan náà, ní apá ibẹ̀, títí òjò yóò fi dá. Àwọn méjèèjì kì í sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìlera lọ. Ìgbà òjò mẹ́ta ni ó fi wá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ohun tí ó ń wá gbọ́. Bí ó bá sọ òtítọ́ lọ́jọ́ kan, kò ju gbólóhùn kan lọ, bí ó sì ti ń pẹ́ sí i ni ó ń wúwo sí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n rí àìsàn jẹjẹrẹ nínú ìfun Lucy, ó sì ti jìnnà. Wọ́n gbé e sórí ibùsùn ní ilé ọmọkùnrin rẹ̀, Ayọ̀mikún. Ó máa ń béèrè bóyá òjò rọ̀. Òjò ṣì rọ̀ ní ìgbà mẹ́fà ní oṣù Kẹwàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò ó pé kí òun tú páànù náà, kí òun gbé e lọ sí ojú fèrèsé rẹ̀. Ó tilẹ̀ mú òòlù lọ sí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n gbígbé e lọ ni jíjẹ́wọ́, ó sì ní lọ́la ni. Lucy Dárasími Olúsànyà dákẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Nígbà tí Ezekiel kó àwọn ọmọ Lucy jọ tí ó sọ gbogbo èyí fún wọn, Ayọ̀mikún ni ó dá a lóhùn. Ó ní, “A mọ̀, sà. Màmá ní kí a má jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a mọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá gba páànù náà, kí ni àwọn yóò máa wá gbọ́ lọ́dọ̀ yín, ta ni yóò sì máa bá yín jókòó nígbà òjò?”

Olóògbé fi ọmọ méjì sáyé lọ: Ayọ̀mikún Olúsànyà, àti Moyinolúwa tí ó wà ní Ìlọrin pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó fi ọmọ-ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, Olúwafẹ́rànmí ni àgbà wọn, Ìyanuolúwa tí a bí ní 2019 sì ni àbíkẹ́yìn. Ó fi àwọn ọmọbìnrin mẹ́tàlélógún tí ó kọ́ níṣẹ́ sílẹ̀. Ó fi ẹ̀gbọ́n kan sílẹ̀.

Ní ìpàdé ẹbí ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, akọ̀wé ṣí ìwé ọdún 2019. Níwájú gbogbo wọn, ó fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ náà, pàǹtí, ó sì kọ “Iyàrá Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ Lucy” sí òkè rẹ̀. Ó fi ọwọ́ sí i. Ó wá dá kálámù padà fún ẹbí, kí wọ́n yan akọ̀wé mìíràn.

A ó sin ín lónìí sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá ní agbo ilé. A kò ní lẹ táìsì sí ibojì rẹ̀. Alhaji Gàfárù ti jó ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, Jamilah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé páànù keje lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó tú u kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá rí ihò mẹ́ta lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dí i. Àwo Ìyá bá àwọn yòókù lọ. A ti wá òmíràn tí ó sán.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, páànù náà kò ní sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni.

Dárasími, ọmọ ìyá mi, èmi ni mo gbé e. N kò rà á ní Ògùnpa. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, èmi ni n óò gbé àga wá sí ìdí rẹ. Sùn re o. Kí ilẹ̀ Bẹyẹrúnká rọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òjò pẹ́.